Ilé Tó Ń Mu Èéfín

"Má ṣí fèrèsé yẹn," ni màmá bàbá mi wí, wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Èéfín ti kún inú ilé débi pé mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ojú mi ń ṣomi, imú mi ń ṣomi, mo sùn gbalaja sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ń yan, torí ìsàlẹ̀ nìkan ni atẹ́gùn ṣẹ́kù sí. Màmá jókòó ti ààrò lórí àpótí, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èèpo àgbọn tútù tó ń rú túú. Kò sí ìkòkò lórí iná. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú ilé ọ̀hún. Ilé ṣófo, síbẹ̀ a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Kétu wá dáná fún un.

Abúlé wa wà lódìkejì omi, lápá Agbóyì. Odò Ògùn ló lé wa kúrò níbẹ̀. Lásìkò òjò, ó kọ́kọ́ máa ń wá kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Gbogbo ará abúlé bá kó wá sí Kétu, wọ́n háyà yàrá. Àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ríbi lọ. Atẹ́gùn ń ṣílẹ̀kùn wọn, ó ń pa á dé. Elégédé gba ojú fèrèsé wọlé. Kàlẹ́ńdà ṣì wà lára ògiri ilé kan, ewúrẹ́ ẹnì kan sì ti sọ ibẹ̀ di yàrá ẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa dúró ní pálọ̀ onípálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́, ó sì tún máa ń dùn mọ́ mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Prámárì mẹ́fà ni mo kà, èmi àti ìwé bá pínyà láìjà, torí náà ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Tí òjò bá ti lọ, a máa ń rí i pé òrùlé ilé kan tún ti já. Ikán ló ń jẹ igi àjà. "Ilé tí ò bá rí èéfín," ni màmá máa ń wí, "ikán ti gbà pé tòun ni." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣa èèpo àgbọn kiri Kétu. Bàbá mi ń ta ata ní Mile 12, màmá sì ní kí wọ́n máa kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti ya bọ̀, òun la fi ń ran iná. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n dáná, mo ṣa igi gbígbẹ, mo fẹ́ ẹ, iná ń jó lala. Mo dúró kí wọ́n yìn mí.

"Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?" ni wọ́n bi mí. "Ọmọ yìí, iná kọ́ la wá wá. Èéfín ni."

Wọ́n bu omi lé iṣẹ́ ọwọ́ mi lórí. Bí ayé mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́kọ̀ tó ń gbé wa sọdá fẹ́ràn àwàdà. "Ìyá, ilé tẹ́ ẹ̀ ń yan yìí, ìgbà wo ló máa jinná ká wá jẹ ńbẹ̀?"

"Omi tó ń wọ ọkọ̀ ẹ ni kó o máa gbọ́n," ni màmá dá a lóhùn. "Jẹ́ kí ilé mi máa jinná díẹ̀díẹ̀."

Bàbá mi ò fi ṣàwàdà ní tiwọn. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ti ń ru ata láti ìdájí ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ààrò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Màámi, ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀. Ó ti kú."

"Témi náà bá kú, níbo lo máa gbé mi sí?"

Bàbá mi ń gbọn kóró ata kúrò lára ṣòkòtò wọn.

"Bàbá ẹ wà nínú pálọ̀ ibẹ̀," ni màmá wí. "Ẹ̀gbẹ́ wọn ni tèmi. Ilé tó bá ti wó, igbó ni, ẹ ò sì ní sin mí sígbó. Àbí lanlọ́ọ̀dù yìí máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́lẹ̀ sí pálọ̀ ẹ̀?"

"Ibi ìsìnkú wà, Màámi."

"Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

Bàbá mi dìde, wọ́n lọ wẹ̀. Látìgbà yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ ilé náà mọ́, wọ́n kàn ń kó apẹ̀rẹ̀ bọ̀.

Òjò ọdún kan wá le, omi dé ojú fèrèsé. Nígbà tó fà, a sọdá. Ilé tó kù lórí ìdúró ò tó nǹkan. Tiwa dúró, àmọ́ ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mu ẹmu yó. Màmá fọwọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ààrò, wọ́n fi èéfín fín ilé títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tá a padà dé èbúté, orúnkún wọn kọ̀, èmi àti ọlọ́kọ̀ la gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ò dápàárá kankan lọ́jọ́ náà.

Wọn ò lè wọkọ̀ mọ́. Èmi wá di ẹni tó ń lọ fín ilé. Tí mo bá ti dé, wọ́n á ní, "Sún mọ́ mi." Wọ́n á fa ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́ra, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀. Tí èéfín bá wọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n á ní, "Ẹ gbé oúnjẹ mi wá." Tí ò bá wọ̀ ọ́, wọ́n á ní, "Iná lo lọ dá," wọ́n á sì kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ààrò.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kú. Àwọn tó wá gbẹ́lẹ̀ dúró ní pálọ̀, wọ́n gbójú sókè wo igi àjà. Ó dúdú, ó ń dán, ikán ò fẹnu kàn án. Ọ̀kan nínú wọn bi bàbá mi pé, "Àwọn wo ló ń gbébí?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni bàbá mi wí, wọ́n bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn la sin màmá sí.

Ní báyìí, fáànù ni mò ń tún ṣe ní Ìkòsí. Èmi tí wọ́n fi èéfín kọ́, atẹ́gùn ni mo wá ń tà. Lójò tó kọjá yìí, ògiri ẹ̀yìn ilé náà wó, òrùlé tẹ̀lé e. Tá a bá ní ká tẹ̀ lé òfin màmá, ó ti di igbó. Síbẹ̀ mo ṣì ń di èèpo àgbọn sínú àpò, mò ń sọdá. Mo máa ń ro ìdí ààrò, mo máa ń dáná sí i. Èéfín ò rí igi àjà tó máa dì mọ́, ó kàn ń gòkè lọ ni. Mi ò lè sọ nǹkan tí mò ń tọ́jú. Orúnkún tèmi náà ti ń dún. Ilé onílé ni mò ń gbé, tó bá sì kàn mí, ibi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan ni wọ́n máa gbé mi lọ.

"Daddy, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn síta o," nìyàwó mi máa ń wí tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀ ń rùn bí ẹja yíyan Agbóyì."

Mo máa ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí n tó jù ú sínú báàfù, mo máa ń gbé e símú ná. Tó bá ti rùn dáadáa, mo máa ń ní kí wọ́n gbé oúnjẹ mi wá.