Ojú Ìwé Àkọ́kọ́ Nínú Ìtàn Àwọn Ajá Inú Yìnyín

Òórùn páálí tútù àti róòbù ló máa ń kọ́kọ́ padà wá sí imú mi bí mo bá rántí ìgbà tí mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton, lẹ́bàá Toronto ní Kánádà. Páálí ni iṣẹ́ wa. Róòbù ni bàbá àgbàlagbà kan tí èmi àti wọn jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà máa ń fi pa ọwọ́ kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ìwé girama n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń kí ní "Good morning, ma" láti géètì dé yàrá olùkọ́, èmi náà ni mo wá ń lẹ nọ́ńbà mọ́ páálí láti àárọ̀ kùtù. Ìgbéraga mi kò sì dín kù rárá. Gbogbo ẹni tó bá kí mi ni mo máa ń sọ fún pé tíṣà ni mí, bí ẹni pé wọ́n bi mí.

Ìlú tí wọ́n ti ń sọ Sípáníṣì ni bàbá náà ti wá. Àwọn tó gbọ́ èdè wọn ń pè wọ́n ní Viejo, ìyẹn ni Bàbá Arúgbó. Àwòrán àti nọ́ńbà nìkan ló wà lára káàdì tí wọ́n fi kọ́rùn, nọ́ńbà yẹn sì ni ọ̀gá ń pè. Èmi ń pè wọ́n ní Uncle. Wọ́n ju àbúrò bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ta ni yóò wá la ojú sílẹ̀ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí lorúkọ yín? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá bi àgbà lórúkọ lójúkojú, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò bú. Ẹni tó bá ju àgbà náà lọ ló máa ń pè é lórúkọ, ọmọdé á sì ti ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́ ọ. Ní Bolton, kò sí ẹni tó ju Uncle lọ.

Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń jẹun ní àkókò ìsinmi, wọ́n fi ọwọ́ gbá tábìlì, wọ́n ní, "Tíṣà, bá mi kọ ìtàn kan. Ọwọ́ mi ò lè kọ̀wé mọ́." Mo bèèrè irú ìtàn tó jẹ́. Wọ́n ní ìtàn ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì tí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn dá sílẹ̀ nígbà tí irú rẹ̀ kò tí ì sí láàárín àwọn èèyàn wọn ní Toronto. Mo bi wọ́n pé kí ló ń jẹ́ pọ́ǹkì. Wọ́n ní orin àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí, tí wọn ò dúró kí wọ́n mọ gìtá ta dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, èmi tí mo ń kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ẹni tí ìtàn náà wà fún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó ń gbé ní Vancouver, ó sì ti pẹ́ tí kò ti bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Páálí ló rò pé mo fi gbogbo ayé mi gbé. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo kọrin rí."

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, a sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, ìdí kan náà ló sì lé wọn débí: sójà gba ìjọba nílùú wọn, àwọn èèyàn wọn ń di àwátì. Kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Ajá Inú Yìnyín ní èdè wọn, torí bàtà kánfáàsì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi la òtútù ọdún àkọ́kọ́ já. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń kọ pọ́ǹkì ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè yé àwọn. Àwọn àgbà ìlú wọn ní kí wọ́n yéé pariwo, kí wọ́n kọ orin ilé tó ń tuni nínú. Wọn ò gbọ́ tọ̀tún, wọn ò gbọ́ tòsì.

Orin wọn kan wà tí kò ní ju orúkọ lọ. Orúkọ àwọn ará ilé wọn tí sójà kó lọ ni Uncle máa ń ké, onílù á sì lu ìlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn kan, ìyá arúgbó kan tó ti ń bú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dìde láàárín èrò, ó sì ké orúkọ ọmọ tirẹ̀ náà. Uncle ní onílù kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Nígbà tó yá, ó lu ìlù fún un. Mo kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀, omi ojú mi kán sórí ìwé, síbẹ̀ kò sọ sí mi lọ́kàn pé kí n bèèrè orúkọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi.

Uncle fúnra wọn ló mú ọ̀rọ̀ orúkọ wá. Wọ́n ní, "Tíṣà, kọ orúkọ wa síwájú." Mo ní, "Uncle, ẹ fara balẹ̀. Ìparí la máa ń kọ ìyẹn, a ó fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́." Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé n ò mọ orúkọ ẹni tí a ti jọ ń jẹun fún oṣù mẹ́jọ. Mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo. Nínú ìwé náà, Olórin, Onígìtá, Oníbáàsì àti Onílù ni mo ń pè wọ́n. Mo tún pa irọ́ kejì. Wọ́n fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan, òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú orin wọn. N ò ní ohun tí mo lè fi gbọ́ ọ, kò sì wù mí kí n wá a. Nígbà tí wọ́n bèèrè, mo ní, "Ó dùn, Uncle." Inú wọn dùn débi pé wọ́n fún mi ní ọsàn wọn jẹ. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn rí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Uncle kò wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò wá. Obìnrin kan tó gbọ́ èdè wọn ní òun gbọ́ pé wọ́n ti gbé Viejo lọ sí ọsibítù ní Brampton. Mo gbé ìwé àti ọsàn, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì. Ọmọbìnrin tó wà níbi àbáwọlé rẹ́rìn-ín sí mi, ó bèèrè ẹni tí mo wá wò.

Mo ní, "Uncle mi ni."

Ó ní, "Okay, ma. What's his name?"

Mo ṣàpèjúwe irun wọn, ìka ọwọ́ wọn tó ti tẹ̀, orin wọn pàápàá. Ó tún bèèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀, pé báwo ni mo ṣe jẹ́ sí wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń sún mọ́ iwájú. Mo gbé ọsàn mi padà sínú bọ́ọ̀sì.

Mo pe ẹ́jẹ́ńsì tó gbà wá síṣẹ́, wọ́n ní àwọn kì í sọ orúkọ òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíì. Obìnrin yẹn náà, Viejo nìkan ló mọ̀. Nílé, mo rò ó fún ọkọ mi. Ó ní, "Haba! O kọ odidi ìwé nípa èèyàn, o ò mọ name ẹ̀? Tíṣà history!" Kò mọ̀ pé ó máa dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin náà wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní Viejo ti kú, wọ́n sì ti sin wọ́n. Ẹkún gbé mi, mo sunkún sórí páálí títí ọ̀gá fi ní kí n lọ jókòó. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi fi ọ̀wọ̀ di ara mi lẹ́nu.

Ó ti di ọdún kẹrìnlá báyìí. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó ń fi páálí lọ̀ mí mọ́. Ìgbà òtútù tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin ń tú báàgì kan, ó rí ìwé náà àti kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó kà á tán, ó wá ẹ̀rọ àtijọ́ kan rà, a sì jókòó gbọ́ ọ ní ọ̀sán Sátidé. Ariwo gidi ni. Lẹ́yìn náà ni orin orúkọ yẹn dé, ìlù ń dún lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ohùn Uncle láàárín rẹ̀, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì gbé páálí rí. Nígbà tí orin náà parí, Uncle bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹgbẹ́ wọn han èrò inú gbọ̀ngàn. Wọ́n pe onígìtá lórúkọ, ó ta gìtá. Wọ́n pe oníbáàsì, wọ́n pe onílù. Uncle ò pe orúkọ tiwọn. Ẹnì kan, mo rò pé onílù ni, wá pariwo orúkọ kan láti ẹ̀yìn, èrò hó yèè, gìtá gbà á, ariwo sì bo orúkọ náà mọ́lẹ̀.

A dá a padà tó ìgbà ogún. Ọmọ mi fi ẹ̀rọ sétí, ó di ojú pọ̀. Ó ní, "I can't get it, Mummy. Who was he?" Ká ní mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún mi, ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá ní, Uncle, ẹ pe ẹni mẹ́ta, ẹ ò pe ẹnì kẹrin. Wọn ìbá sì sọ ọ́ fún mi.

A ti wá ẹgbẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ò rí nǹkan kan. Orúkọ àbísọ lásán ni àwọn mẹ́ta yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jẹ́ ẹ. Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi sílẹ̀, mo fi bírò kọ wọ́n sí i ní ìlà mẹ́ta, mo fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Nígbà tí mo dé ìlà kẹrin, mo gbé bírò sílẹ̀, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ Uncle. Ọmọbìnrin kan wà ní Vancouver tó rò pé páálí ni bàbá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò mọ ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà yẹn. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, kó lè rọrùn fún un láti pa á rẹ́.