Wọ́n ní a kì í yẹ ọkọ̀ tí àna ń tà wò

Ọ̀rẹ́ mi Múfú bínú sí mi lónìí nítorí pé mi ò fẹ́ kó kú sómi.

Bàbá ọmọge tó fẹ́ gbé níyàwó ló ta ọkọ̀ fún un ní Ìbàfo. Ọ̀kan lára àwọn òyìnbó tó ń la títì márosẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e sókè, tó fi ń sáré lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Múfú fẹ́ máa fi kó èrò kọjá àbàtà.

Mo wo rọ́bà tó yí i ká, tó ń di afẹ́fẹ́ náà mú sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri bíi táyà kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Baba tan án lórí sìmẹ́ńtì, fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń tì í síwájú ń yí fìrìfìrì, nǹkan kan ò bò ó!

Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí omi wò."

"Ohun tó ṣe lórí sìmẹ́ńtì yìí náà ló máa ṣe lórí omi."

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti gùn ún lórí omi rí?"

"Èmi? Mi ò mọ̀wẹ̀, ọmọ mi."

Ńṣe ni Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Baba. Ọ̀rẹ́ mi ò lẹ́kọ̀ọ́." Ló bá sanwó.

Nígbà tá a jáde, ó ní, "Wọn ò tíì fún mi lọ́mọ wọn, o ń pè wọ́n lólè! Ta ló ń yẹ ọjà àna wò?"

Àna kọ́ ló máa rì!

Ó ní lọ́la lòun máa gbé e wọ omi, kí n má yọjú. Màá yọjú. Mo ti yá ọkọ̀ apẹja kan pẹ̀lú àjẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màá wà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tiyín, ṣé ẹ máa dákẹ́ nítorí àna?