Orúkọ Ihsan lẹ́nu ọ̀nà làíbìrì

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Louisa Candido ti ń ṣí ilẹ̀kùn làíbìrì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Yàrá náà kò tóbi. Fèrèsé mẹ́ta kọjú sí ògiri ilé onílé. Ìkẹrin nìkan ló ń rí ọ̀sà, àwọn ọmọ sì máa ń du àga tó wà nídìí rẹ̀. Louisa fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo àwọn ìwé kan, ó fi bébà sìmẹ́ńtì bo àwọn tí ọwọ́ púpọ̀ ń kàn.

Kò bímọ. Olówógbowó ló ń gbé, nínú yàrá méjì lókè ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì máa ń fi rìn wá síbi iṣẹ́. Oṣù keje ọdún yìí ló yẹ kó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ kì í pè é ní Miss Candido. Àǹtí Làíbìrì ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ làíbìrì. Tí aago ìsinmi bá ti lù, bí ọgbọ̀n ọmọ á ya wọlé. Louisa kì í sọ fún ọmọ pé ka èyí, má ka tọ̀hún. Ó gbìyànjú rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ó sì rí i pé ìwé tí òun bá ti yìn, orí pẹpẹ ló ń wà. Nítorí náà ó dá àṣà kan sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti ka ìwé kan tán á dìde, á máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá dé ibi tí gbogbo wọn ti na ọrùn, Louisa á gbé ìka sókè, yàrá á sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Dúró níbẹ̀." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó wá yá ìwé.

Ihsan Salahudeen kì í dúró de ìka Louisa. SS2 ló wà, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Lọ́jọ́ kan ó sọ ìtàn dé ibi tí ọkùnrin kan ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń tún etí híjáàbù rẹ̀ ṣe.

"Ihsan, ìkà ni ẹ́," ni Nusrat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń jókòó, wí. "Ó ṣí ilẹ̀kùn ni àbí kò ṣí i?"

"Lọ yá a."

"Ta ló fẹ́ ka igba ojú ewé nítorí ilẹ̀kùn?"

"Ìwọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́sàn-án ló tò fún ìwé yẹn. Louisa wo Ihsan, ó rò ó pé ẹni tí yóò máa gbé ìka sókè lẹ́yìn òun rèé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti sọ fún un pé wọn ò tíì rí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, àti pé tí kò bá sí ẹni tó lè mú Ọjọ́rú dúró, wọ́n á ti yàrá náà pa. Louisa so bébà kékeré mọ́ kọ́kọ́rọ́ kejì, ó kọ orúkọ Ihsan sára rẹ̀, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àṣà mìíràn tún wà. Pátákó dúdú kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìwé bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́wọ́ ọmọ, Louisa á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kì í béèrè ohun tó fà á. Ó gbà pé tí òun bá béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan, òun á béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, ìwé ò sì ní padà wálé mọ́. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di eré. Tí orúkọ tuntun bá ti hàn, wọ́n á máa kọrin olè ìwé. Ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún náà á gbé ìwé lérí, á jó wọlé.

Nínú oṣù kejì, Ihsan yá ìwé kan, ìtàn obìnrin kan tó ń tu ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì, tó ń wá àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn ò rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Ní Ọjọ́rú kẹta, Louisa mú ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró díẹ̀ níwájú pátákó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ràn gan-an ni kò yẹ kí òun yọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́.

Tawfiq, tó máa ń pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ gbà mí. Ihsan ti bá ọlọ́kọ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Olè ìwé, gbé e wá o."

Gbogbo yàrá gbè é, wọ́n ń lu tábìlì. Louisa náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín sókè, nítorí inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ orúkọ ọmọ náà, ó sì gbà pé kò ní pẹ́ jó wọlé.

Ihsan kò jó wọlé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Nusrat tó dá wá, tó dúró níwájú tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa orúkọ Ihsan rẹ́."

"Ìwé ńkọ́?"

"Màmá ẹ̀ ti kú, mà."

Louisa fi bírò sílẹ̀. "Nígbà wo?"

"Kó tó di Ọjọ́rú tí a kọrin sí i. Mi ò mọ̀, mà. Àná ni mo lọ bá a. Wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, ló bá ní òun á padà sílé ìwé. Ó dé o, Ọjọ́rú yẹn gan-an. Ó dé ẹnu ọ̀nà yìí. Ó fẹ́ bẹ̀ yín kí ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ òun díẹ̀, torí ìwé yẹn ló ń kà fún màmá ẹ̀ ní ọsibítù." Nusrat ń wo bàtà rẹ̀. "Ó rí orúkọ ẹ̀. Ó gbọ́ orin. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀rín yín."

"Ìwọ náà bá wọn kọrin?"

"Mo kọ ọ́, mà."

Nusrat wá sọ pé Ihsan ti ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ta edé ní Èbúté Èrò, pé ó ní òun ò wá sílé ìwé mọ́. Nígbà tí Nusrat lọ, Louisa fi àkísà tútù nu pátákó náà. Lẹ́yìn náà ó gun àga, ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ọjọ́ Sátidé, ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì, ó lọ sí Èbúté Èrò. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ihsan, Alhaja Memunat, ló jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín àpò edé.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Pupa àbí funfun?"

"Ihsan ni mo wá rí."

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀yin ni Àǹtí Làíbìrì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Owó ilé ìwé kọ́ ló ń dà wá láàmú. Bàbá ẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Èmi ò fẹ́ kó gbó sídìí edé bíi tèmi."

Ihsan jáde láti inú, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ti rù.

"Ọlọ́run á tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín, mà."

"Ó yẹ kí n béèrè. Mi ò béèrè. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ má bẹ̀ mí, mà. Màmá ni yín." Ó wọlé, ó mú ìwé náà wá. Bébà sìmẹ́ńtì tuntun ló fi bò ó. "Ògì dà sí ti àkọ́kọ́ ní ọsibítù. Mo ti tún un bò."

Louisa ṣí i. Káàdì ọsibítù ni wọ́n fi sàmì sí i, ó ku bí ojú ewé mẹ́wàá kó parí.

"O ò kà á tán."

"Mo ti sọ fún màmá mi nípa Ọjọ́rú," ni Ihsan wí. "Torí náà, tí mo bá ń kà á lọ, tó bá dé ibi tó dùn, wọ́n á gbé ìka sókè. Wọ́n á ní kí n dúró níbẹ̀, pé àwọn á fi ìyókù dúró de ọ̀la." Ó gba ìwé náà padà, ó pa á dé. "Ibẹ̀ la dé, mà."

Louisa gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí àpò edé, orúkọ ọmọ náà lára rẹ̀.

"Padà wá. Ìwọ ni mo fẹ́ kó mú Ọjọ́rú dúró lẹ́yìn mi. Mo ti yọ pátákó. Ẹnikẹ́ni ò ní kọrin yẹn sí ẹ mọ́."

"Kì í ṣe orin yẹn, mà. Orin ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ń wo kọ́kọ́rọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án. "'Dúró níbẹ̀' yẹn ni. Mi ò lè gbọ́ kí wọ́n pariwo ẹ̀."

Louisa wá ṣe ohun tí kò ṣe rí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Obìnrin ọlọ́kọ̀ yẹn, Ihsan, nígbà tó dé Àgbádárìgì, ó rí…"

Ihsan gbé ìka sókè.

"Ẹ dúró níbẹ̀, mà."

Oníbàárà kan ti dé, ó ń béèrè kóńgò méjì. Ihsan fi ìwé náà sábẹ́ apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu edé. Louisa dúró títí oníbàárà fi lọ, òmíràn sì dé. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó kí Alhaja, ó rìn padà sí Olówógbowó.

Nínú ìwé ńlá tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó yá ìwé, kò fa ìlà sí orúkọ Ihsan, kò sì kọ ọjọ́ ìdápadà kankan síwájú rẹ̀.

Ní oṣù keje, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ti já bébà kúrò lára ìkejì. Ọ̀gá gbé e sún mọ́ imú.

"Miss Candido, kí ló ń rùn bí edé lára eléyìí?"

Louisa ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan.