Ilà Ṣọ́ọ̀kì Lórí Léèsì

Àbúrò mi obìnrin ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó kọjá. Pásítọ̀ gbàdúrà sórí máṣíìnì, a jẹ ìrẹsì, a túká. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé kì í gé aṣọ oníbàárà fúnra rẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó ń gé e dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ máa ń dúró tì í. Ní báyìí tó ti dá dúró, á wọn oníbàárà, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára aṣọ, á wá gun ọ̀kadà lọ sí Ìmùṣìn kí ọ̀gá bá a gé e.

Mo ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan tí mo kàn yà kí i. Ó ń ká léèsì kan sínú báàgì.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ìmùṣìn, Bùrọ̀dá. Ọ̀gá ló máa gé e."

"Ṣé àlùmọ́gàjí tìrẹ kò mú ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá rán aṣọ tí kò dáa, mo lè tú u. Tí mo bá gé e tí kò dáa, ta ni màá bẹ̀? Ti ìyá ìyàwó kan ní Odògbólú ni, Sátidé ni ìgbéyàwó. Ọ̀gá sì ń lọ Èkó lọ́la, ọmọ wọn bímọ. Bí wọ́n bá lọ, mo rò pé màá ti ṣọ́ọ̀bù ni."

Iṣẹ́ oníròyìn ti mọ́ mi lára: bí mo bá gbọ́ ẹnu ẹnì kan, mo ní láti gbọ́ ẹnu ẹnì kejì. Mo gbé e sínú mọ́tò, a jọ lọ.

Ọ̀gá ń di ẹrù lọ́wọ́. "Oníròyìn, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá fi mí sínú ìwé ìròyìn ni?"

"Ìbéèrè kan ni, mà. Kí lẹ máa ń ṣe sí àwọn aṣọ tí àbúrò mi ń gbé wá?"

Wọ́n tẹ́ léèsì náà sórí tábìlì, wọ́n fi ìka tọ ilà rẹ̀ láti ọrùn dé abíyá. "Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Ibi tó bá fa ilà sí ni mo máa ń gé. Mi ò tíì sún ilà kankan rí."

Àbúrò mi lanu. "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi!"

"Ṣé o bi mí ni? Mo ṣe bí o kàn ń fi aṣọ bojú láti wá kí mi. O máa ń mú búrẹ́dì gbígbóná wá, a ó jọ jẹ ẹ́. Ṣé kí n ní kó o má wá mọ́? Ilé yìí dákẹ́ jù."

Wọ́n na àlùmọ́gàjí sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹyọ kan yìí péré."

"Ẹrù ni mò ń dì." Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa.

Àbúrò mi gbà á. Ó gé ọrùn, ó gé èjìká. Nígbà tó kan abíyá, níbi tí ilà ti tẹ̀, ó dúró. "Ọ̀gá?"

"Ta ló fa ilà yẹn?"

"Èmi ni."

"Kí lo wá ń bi mí fún?"

Nígbà tó gé e tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu òógùn. Ọ̀gá yẹ aṣọ náà wò, wọn kò yìn ín. "Tí mo bá ti Èkó dé, búrẹ́dì ni kó o mú wá. Mi ò fẹ́ rí aṣọ."

Ní Sátidé, mo sìn ín lọ sí Odògbólú. Léèsì náà bá ìyá ìyàwó mu, ṣùgbọ́n abíyá òsì ni àbúrò mi ń wò ṣáá. Obìnrin kan fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ní, "Ta ló rán èyí fún yín?"

Kí ìyá ìyàwó tó dáhùn, àbúrò mi ti sọ̀rọ̀. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo gé e."