Sùtánà Mi Funfun Nílé

Òórùn káfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé. Màmi ti gé sùtánà ẹ̀gbọ́n mi kúrú fún mi, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri yàrá wa ní Ẹgbẹ́dá, ògiri tí èéfín sítóòfù ti sọ di dúdú. Aṣọ náà funfun báláú.

Ọ̀rọ̀ funfun kì í ṣe eré lọ́jọ́ náà. Sístà tó ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ pé ọmọ tí sùtánà rẹ̀ bá funfun jù ni yóò gbé àbẹ́là ṣáájú. Ó wù mí débi pé ìgbálẹ̀ ni mo fi ń ṣe àbẹ́là káàkiri ilé.

A fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká aṣọ sókè kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i. Wọ́n tò mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùnmi, tí sùtánà tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ télọ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ti fi búlúù ìfọṣọ ṣan án. Mo wo tiẹ̀, mo wo tèmi. Háà! Tèmi ti di ògì bàbà. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Màmi, ẹ wò ó, ó ti pọ́n!"

"Ta ló ní ó pọ́n? Ibi tó o dúró sí ni ò dáa. Wá síbí jàre."

Wọ́n fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúnlé, tí epo àkàrà ti ba àyà aṣọ rẹ̀ jẹ́. Lójú ẹsẹ̀, sùtánà mi tún funfun. Àmọ́ ìyá Kúnlé, tá a jọ ń gbélé, rí wa.

"Ìyá Ṣadé, ṣé ògiri dúdú yín lọmọ mi ni?"

Ló bá fa ọmọ tiẹ̀ lọ. Ni gbogbo ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ síbí sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọ òun sún mọ́ Bùnmi. Nígbà tí Sístà fi máa jáde, Bùnmi nìkan ló kù níwájú. Wọ́n kàn fi àbẹ́là lé e lọ́wọ́ ni. Ó dùn mí dé egungun.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ọpọlọ wa kì í wo funfun lóun nìkan, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wé òkùnkùn, ìyẹn ni ògiri wa ṣe fún mi. Ó tún ń fi àwọ̀ wé àwọ̀, ìdí nìyẹn tí búlúù Bùnmi fi mú kí tèmi pọ́n lójú.

Lọ́dún yìí, ó kan ọmọ tèmi. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un yékéyéké, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ojú ló ń tan èèyàn. Ṣùgbọ́n bá a ṣe wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ojú mi ti ń wá ọmọ Kúnlé.