Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ọwọ́ Òsì Mi Ní Pápá Tẹ́nìsì

Mo purọ́ fún kóòṣì tẹ́nìsì mi pé ọwọ́ òsì ń dùn mí. Kò dùn mí rárá. Ọwọ́ náà le koko, ó tiẹ̀ le ju ọ̀tún lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò fẹ́ dáhùn, irọ́ yẹn ló sì sún mọ́ ẹnu mi jù. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé bí ọkàn èèyàn bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ òsì lè kọ́kọ́ máa dùn ún. Ẹ wá wo èmi, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn, tó la ẹnu tó ní ọwọ́ òsì ń dun òun.

Kóòṣì gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní kí n jókòó. Ó bi mí bóyá àyà ń fún mi, bóyá òógùn tútù ń bò mí. Òógùn ń bò mí lóòótọ́, àmọ́ òógùn irọ́ ni. Ó fún mi lómi, ó pe nọ́mbà tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe mí, ó sì ní òun ò ní kọ́ mi mọ́ àfi tí mo bá mú ìwé dókítà wá. Ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn. Nọ́mbà tó pè, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Dẹ́rẹ́bà báńkì ni mí tẹ́lẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì gbé àwọn tó kàwé jù mí lọ kiri ìlú Benin yìí fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí. Rírẹ̀ yìí kì í ṣe ti iṣẹ́, ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ju mẹ́sàn-án lọ, síbẹ̀ mo máa ń dúró lórí ìkarùn-ún, n ó máa wo ògiri bí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wò mí lójú, ó tún un wọ̀n. Ó ní oògùn nìkan ò tó mọ́, àfi kí n máa lo ara. Ó ní bí n kò bá ṣe é, òun ò mọ ohun tí òun máa bá mi sọ nígbà tí mo bá tún padà wá. Ohun tí kò mọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ìrìn ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo máa ń jáde láàárọ̀ láti ilé wa ní Uselu, n ó forí lé ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lójú oníkẹ̀kẹ́ Uselu, ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn lẹ́bàá títì, èrò ni. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á dúró níwájú mi, wọ́n á máa wò mí bíi pé èmi ni mo pè wọ́n. Ojú sì máa ń tì mí láti ní kí wọ́n máa lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fẹsẹ̀ jáde tí mo fi kẹ̀kẹ́ wọlé.

Olùkọ́ yunifásítì kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wá fún mi ní rákẹ́ẹ̀tì. Ó ti ra tuntun, ti àtijọ́ kàn ń gbàyè lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Ó ní tẹ́nìsì dáa fún àgbà, kí n ṣáà ti wá ẹni tó máa kọ́ mi. Kóòṣì àkọ́kọ́ tí mo bá wo bàtà mi, ó wo ikùn mi, ó ní ọmọdé nìkan lòun ń kọ́. Ẹnì kejì ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ó ti lọ sí Warri. Mo wá pinnu pé n ó lọ sọ fún dókítà pé mo sa gbogbo ipá mi. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Àfi bí ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú pápá yẹn ṣe pè mí padà, tó ní obìnrin kan wà lọ́nà New Benin, lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ń kọ́ àwọn arúgbó. Ó ní obìnrin náà kì í fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn yẹn ló gbé mi débẹ̀.

Obìnrin náà ò ju ọmọ mi àgbà lọ. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Gbogbo Yorùbá tí mo bá a sọ ló gbọ́, Pidgin ló sì fi ń dá mi lóhùn. “Daddy” ló ń pè mí. Ó kọ ọjọ́ orí mi sílẹ̀, ó béèrè oògùn tí mò ń lò, ó ní kí n kọ nọ́mbà ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ. Kò rẹ́rìn-ín lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fún un ní ìdí tó pọ̀ láti rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀tún ni mo fi di rákẹ́ẹ̀tì mú. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀, ojú mi á dì fúnra rẹ̀, n ó na rákẹ́ẹ̀tì sínú afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀lù á ti kọjá. Kóòṣì ní kí n máa wo bọ́ọ̀lù. Mo ní mò ń wò ó. Ó bi mí pé ṣé ìpéǹpéjú ni mo fi ń wò ó. Èmi tí mo ń wa mọ́tò yí Ring Road po lójoojúmọ́, tí àwọn ọlọ́kọ̀ akérò ń já lù mí lọ́tùn-ún lósì, ohun tí kò ju ọsàn lọ ló ń lé mi kiri. Nígbà tí mo délé, èjìká ọ̀tún mi ò jẹ́ kí n lè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì ju bọ́ọ̀lù kan sí mi láìsọ fún mi. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ òsì mi ti gbá a mú. Ó ju òmíràn, òsì tún gbà á. Ó ju ìkẹta lọ sí apá ọ̀tún mi gan-an, òsì gba iwájú mi kọjá, ó lọ mú un wá. Kóòṣì dúró.

“Daddy, na left hand you dey use?”

Ìgbà yẹn ni mo ní ọwọ́ òsì ń dùn mí. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òsì náà.

Ìdí tí n kò fi lè sọ òótọ́ rèé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ ló tọ́ mi. Òsì ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo. Lọ́jọ́ kan, mo fi òsì gbé omi fún ìyáálé ilé wa. Ìyá náà da omi yẹn sílẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé, ó ní ọmọ tí kò níyàá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi àkísà so ọwọ́ òsì mi mọ́ra bí mo bá fẹ́ jẹun. Bí mo bá gbàgbé tí mo nà án síta, orógùn á bà lé e. Nígbà míì, bó ṣe ń nà mí ni omi ń bọ́ lójú òun náà. Mo yí padà. Fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, n kò fi òsì gba nǹkan lójú èèyàn. Iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà tiẹ̀ bò mí láṣìírí: òsì ló ń di sítiárín mú, ọ̀tún ń fi jíà, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Kí n wá dúró ní gbangba pápá New Benin, kí n máa na òsì sókè bí àsíá, kí ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì rí mi, kó lọ sọ fún un: mo rò ó, mo rò pé ikú tí dókítà ń sọ yẹn tiẹ̀ ní sùúrù díẹ̀.

Ìgbà tí kóòṣì pè é, ẹ̀gbọ́n mi dé nínú kẹ̀kẹ́, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò bá ara wọn mu. Ó di ọwọ́ òsì mi mú títí a fi dé ọsibítù. Wọ́n lẹ àwọn nǹkan tútù mọ́ mi láyà, ẹ̀rọ kan tẹ ìwé jáde. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi, ibo gan-an ló ń dùn mí? Mo nawọ́ sí ìgúnpá. Nígbà tó tún béèrè, mo ti gbàgbé, mo nawọ́ sí èjìká. Ó wò mí títí, ó kọ̀wé, ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo gbé ìwé náà fún kóòṣì. Ó kà á, ó ká a, ó sọ fún mi láìbínú pé òun ti mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti ìgbà tí mo ti gba bọ́ọ̀lù kẹta. Ó ní bí mo bá ń fi tipátipá lo ọ̀tún, èjìká yẹn máa bàjẹ́, n ó pa eré ìdárayá tì, àìsàn mi á sì padà wá bá mi nílé. Òun ò ní kọ́ ọ̀tún mọ́.

“Bring the left hand come on Saturday,” ó ní. “If not, Daddy, siddon for house.”

Mo jókòó sílé. Sátidé kan kọjá, ìkejì kọjá. Àárẹ̀ náà padà bí àlejò tó mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í dé ìkarùn-ún mọ́, ìkẹrin ni mo ti ń wo ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi á mú ike òrí rẹ̀ wá, á gbé ọwọ́ òsì mi lé itan rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, á máa fi í pa á wá sílẹ̀ títí dé orí èékánná. Ó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ń dùn ún. Ọwọ́ mi tó fi orógùn nà nígbà náà ló ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ra yìí. Bó bá béèrè pé ṣé ó ti ń rọlẹ̀, n ó ní ó ti ń rọlẹ̀. Kí ni mo tún lè sọ?

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, bó ṣe ń ra á, ó ní òun ti bá àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Wọ́n máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọwọ́ náà, láti ọjọ́ Ajé. Mo ro àwọn ìyá àgbà yẹn, òmíràn nínú wọn tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ebi yóò máa pa nítorí ọwọ́ tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yìí.”

Mo wá rò ó fún un látòkèdélẹ̀: bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ìbéèrè kóòṣì, irọ́ mi, èjìká ọ̀tún, àti ohun tí dókítà ní òun ò mọ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí apá mi, kò gbé e kúrò, kò sì ra á mọ́. Ó bi mí bóyá ọ̀tún ò lè gbá bọ́ọ̀lù náà rárá. Mo ní kò lè gbá a. Ó bi mí ẹni tó máa dúró ní òdìkejì àwọ̀n. Mo ní kóòṣì ni, ọmọdé ni, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló tó.

Ó fi òrí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ pa orúnkún ara rẹ̀, ó dé ike náà.

“Ohun tí mo bá ẹ jà lé lórí ni pé o ò gbọdọ̀ fi òsì na nǹkan sí àgbà,” ó ní. “Ṣé bọ́ọ̀lù wá dàgbà jù ẹ́ lọ ni?”