Abọ́ Lórí Itan Àǹtí

Bí mo bá ti rí omi gbígbóná nínú abọ́, àǹtí tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Kotobabi ni mo ń rántí. Ó máa ń po ike tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe mọ́ fọ́nrán èèpo àgbọn, á fi ṣe abọ́ tó lè jẹrà. Á wá bu omi gbígbóná sí i, á gbé e lé itan ara rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ gbé e sílẹ̀!”

“Kó jó èmi. Bó bá jó oníbàárà, ṣé ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ lo máa bẹ̀ ẹ́?”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá tó ń ta waakye, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà, ní ọjà Makola dá abọ́ wa padà torí pé ó ń jò. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí òun máa gbà á wò. Lọ́jọ́ tí a ṣe ti ìkẹyìn, mo bá àǹtí lórí àga, abọ́ lórí itan, ó ń hanrun. Omi ti tutù. Mo fọwọ́ kan ìró rẹ̀: ó gbẹ.

Mi ò jí i.